Yíyẹ abẹ́rẹ́ tẹmómítà wò kí ẹran tó gorí èéfín: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwa tí a wà ní Àbújá àti òkè Ọya

Ojú ìwé yìí wà fún ẹni tó ń fi dúrọ́ọ̀mù tàbí ààrò onírin yan ẹran pẹ̀lú èéfín, yálà fún ìdílé, fún òde tàbí fún títà. Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí ẹ dì mú: ẹ má gba nọ́ńbà tí tẹmómítà bá kọ gbọ́ títí ẹ ó fi rí ohun tó kọ nínú áìsì àti nínú omi híhó, kí ẹ sì mọ iye tí omi fi ń hó ní ìlú tí ẹ wà.

Tuntun ni tèmi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú páálí. Ṣé ó tún yẹ kí n yẹ̀ ẹ́ wò ni?

Ó yẹ gan-an. Ọ̀pọ̀ tẹmómítà olówó pọ́ọ́kú ni kò ní ìwé ìdánwò kankan nínú páálí. Wọ́n lè kọ ọ́ sára páálí pé kò lè fi ju dìgírì 1 yẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo irú rẹ̀ ni wọ́n ń sọ, wọn kò yẹ èyí tó wà lọ́wọ́ yín wò. Ó lè ti já bọ́ lójú ọ̀nà, ó sì lè ti pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù títí bátìrì rẹ̀ fi ń kú lọ.

Ẹ wo ohun tí àṣìṣe ń fà. Inú adìẹ gbọ́dọ̀ gbóná dé 74°C kí kòkòrò àrùn bíi Salmonella tó kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí tẹmómítà bá ń fi dìgírì 8 lé, yóò kọ 74 nígbà tí itan adìẹ ṣì wà ní 66. Ẹ ó sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ ó gé e, ẹ ó gbé e fún àlejò. Bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ló ń fi dìgírì 8 dín, ẹran yóò gbẹ, owó yóò ṣòfò, ṣùgbọ́n inú kò ní run ẹnikẹ́ni. Tẹmómítà tó ń lé ni kí ẹ bẹ̀rù ju èyí tó ń dín lọ.

Kí ni ẹ ń pè ní abẹ́rẹ́ gan-an?

Irin tín-ín-rín tí à ń gún bọ inú ẹran ni. Kì í ṣe gbogbo gígùn rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Imú rẹ̀ ni ohun tó ń gbọ́ ooru wà. Nínú ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ oníwáyà, èyí tí ẹ lè fi sílẹ̀ nínú ẹran láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, hóró kékeré kan ló wà nímú rẹ̀. Bí hóró yìí bá ṣe ń gbóná sí i ni iná mànàmáná ń rọrùn láti gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ̀rọ á sì ti ara ìyẹn ṣírò ooru. Ẹ fi í sọ́kàn, nítorí òun ló máa ṣàlàyé bí omi ṣe ń ba abẹ́rẹ́ jẹ́, bí a bá dé ibẹ̀.

Tẹmómítà olójú aago, tó ní ọwọ́ tó ń yí, ní irin méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ tí wọ́n sì ká sínú ọ̀pá rẹ̀. Irin yẹn gba nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 láti imú lọ sókè. Bí ẹ bá gún un bọ ẹran pẹlẹbẹ, apá kan rẹ̀ á wà níta, nọ́ńbà tí ẹ ó rí á jẹ́ àpapọ̀ ooru ẹran àti ooru afẹ́fẹ́. Ó tún lọ́ra: ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 20 ni kí ẹ fún un kí ẹ tó ka ojú rẹ̀.

Ìbọn tí wọ́n fi ń wọn ara èèyàn nígbà Kòrónà ṣì wà nílé. Kò ha lè ṣiṣẹ́ yìí?

Kò lè ṣe é. Iwájú orí èèyàn ni wọ́n ṣe é fún, kò sì ní ka ju nǹkan bíi 42 tàbí 43°C lọ. Kódà ìbọn tí wọ́n dìídì ṣe fún ilé ìdáná, ojú ẹran nìkan ló ń rí. Ẹ lè fi wo bí àwọ̀n irin ṣe gbóná tó, ó parí síbẹ̀. Tẹmómítà onígíláàsì ti ilé ìwòsàn kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ oúnjẹ rárá. Bí ó bá fọ́, mẹ́kúrì inú rẹ̀ á dà sínú ẹran.

Ẹ ṣàlàyé bí a ṣe ń fi áìsì yẹ abẹ́rẹ́ wò, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ wá ife ńlá tàbí fúláàsì ẹlẹ́nu gbàgàdà. Fúláàsì sàn jù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pàápàá lóṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin, nítorí yìnyín kì í pẹ́ yọ́. Ẹ ra píọ̀wọ́tà méjì tàbí mẹ́ta tó ti dì gbagidi. Ẹ ká wọn sínú táwẹ́lì tó mọ́, kí ẹ fi ọmọ odó lù wọ́n títí kò fi ní sí èyí tó tóbi ju hóró àgbàdo lọ.

Ẹ da yìnyín náà kún ife dé ẹnu. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó rọra bu omi tútù sí i, títí omi yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bo yìnyín. Yìnyín tí omi kún àlàfo àárín rẹ̀ ni ẹ ń wá. Omi tí yìnyín mẹ́ta ń léfòó lórí rẹ̀ kò wúlò fún iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá wo ìdí ife tí ẹ rí omi lásán níbẹ̀ tí yìnyín kò dé, ẹ da omi díẹ̀ nù kí ẹ tún fi yìnyín kún un.

Ẹ fi ṣíbí rò ó fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ wá ki abẹ́rẹ́ bọ àárín gbùngbùn, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 5 sísàlẹ̀, kí imú rẹ̀ má kan ìdí ife tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ máa fi ṣíbí rò ó jẹ́jẹ́ bí ẹ ti ń wo ojú ẹ̀rọ. Nọ́ńbà á já wálẹ̀ kíákíá, láti 30 sí 12, láti 12 sí 4. Lẹ́yìn náà ni yóò wá máa lọ́ra, 1.8, 1.1, 0.6. Ibi tó ti ń lọ́ra yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kánjú gbé e jáde. Ẹ dúró títí nọ́ńbà yóò fi wà lójú kan fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

0°C ni òótọ́. Bí ẹ̀rọ yín bá wà lórí °F, 32 ni. Bí ó bá dúró láàárín -1 àti 1°C, kò sí ẹ̀sùn lọ́rùn rẹ̀.

Tèmi kọ 3°C nínú áìsì. Ó ti bàjẹ́ nìyẹn?

Ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Omi tó wà ní 4°C ló wúwo jù lọ nínú gbogbo omi, nítorí náà ìdí ife ló máa ń rọ̀ lọ, nígbà tí yìnyín àti omi tó tutù jù lọ á wà lókè. Ẹni tí kò rò ó, tó sì ti abẹ́rẹ́ kan ìdí ife, omi tó wà ní 3 tàbí 4 ló ń wọ̀n. Òótọ́ ni tẹmómítà ń sọ fún un. Ẹ fi yìnyín kún un, ẹ rò ó dáadáa, ẹ gbé abẹ́rẹ́ sókè díẹ̀, kí ẹ tún un wò. Bí ó bá ṣì kọ 3 lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ lè wá gbà pé àṣìṣe rẹ̀ ni.

Ṣé áìsì bílọ́ọ̀kì tí àwọn ẹlẹ́ja ń lò dára fún un?

Kò dára. Iyọ̀ àti ìdọ̀tí máa ń wọ inú irú yìnyín bẹ́ẹ̀, iyọ̀ sì ń mú kí yìnyín àti omi rẹ̀ tutù ju 0 lọ. Tẹmómítà tó pé á wá kọ -2 tàbí -3, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í “tún” ohun tí kò bàjẹ́ ṣe. Omi mímu tó dì ni kí ẹ lò, kí ẹ má sì bu iyọ̀ sí i kó lè pẹ́. Bí iná bá ti lọ tí yìnyín ti ń yọ́, ẹ má bínú: yìnyín tó ń yọ́ nínú omi gan-an ló ń dúró ní 0. Èyí tó gbẹ, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fírísà, lè tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ títí tí omi yóò fi dà mọ́ ọn.

Omi híhó ń kọ́? Ṣé 100°C kọ́ ni?

Ní Èkó, bẹ́ẹ̀ ni. Lókè Ọya, ó di ibi tí ẹ wà, ibí yìí sì ni àwọn èèyàn ti ń ba tẹmómítà tó dára jẹ́ jù.

Afẹ́fẹ́ tó wà lórí wa ló ń tẹ omi mọ́lẹ̀ tí kì í jẹ́ kó tètè hó. Bí ilẹ̀ bá ṣe ga tó ni afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ ṣe ń dín kù tó, omi á sì hó kí ó tó gbóná dé 100. Nínú gbogbo mítà 300 tí ilẹ̀ bá fi ga ju ojú òkun lọ, ẹ yọ nǹkan bíi dìgírì 1. Àárín Àbújá ga tó nǹkan bíi mítà 470, omi ń hó níbẹ̀ ní nǹkan bíi 98.4°C, ìyẹn 209°F. Kánò fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba. Kàdúná lé ní mítà 600, nǹkan bíi 98 ni tiwọn. Sókótó wà ní nǹkan bíi mítà 300, ẹ ka tiwọn sí 99. Lọ́kọ́ja tó wà létí odò kò tó mítà 100, ẹ lè fi 100 ṣírò níbẹ̀ láìséwu. Jos ló yàtọ̀ pátápátá: orí òkè tó lé ní mítà 1,200 ni ìlú náà wà, omi sì ń hó níbẹ̀ ní nǹkan bíi 96°C, ìyẹn 205°F.

Ẹ wo ẹni tó wà ní Jos tó ti gbọ́ pé 100 ni omi fi ń hó. Ó ki abẹ́rẹ́ bọ ìkòkò, ó rí 96, ó ní tẹmómítà òun ń fi 4 dín, ó bá tẹ bọ́tìnnì, ó fi 4 kún un. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹ̀rọ tó pé tẹ́lẹ̀ ti di èyí tó ń fi 4 lé, igẹ̀ adìẹ tó wà ní 70 á máa jẹ́ 74 lójú rẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń sọ ọ́ lásọtúnsọ pé kí ẹ mọ nọ́ńbà ìlú yín kí ẹ tó fọwọ́ kan àtúnṣe. Máàpù orí fóònù lè sọ gíga ibi tí ẹ wà fún yín ní mítà. Ẹ pín in sí 300, kí ẹ yọ èsì rẹ̀ kúrò nínú 100.

Báwo ni mo ṣe máa ki abẹ́rẹ́ bọ omi híhó láìbà á jẹ́?

Ìkòkò tó jìn ni kí ẹ lò, kí omi inú rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹ má dé e, ẹ má sì fi iyọ̀ sí i, nítorí iyọ̀ ń gbé ìwọ̀n ooru tí omi fi ń hó ga. Ẹ dúró títí omi yóò fi máa ru sókè káàkiri ojú ìkòkò. Àwọn ìfófòó kéékèèké tó máa ń kọ́kọ́ jáde láti ìdí ìkòkò kò tíì tó nǹkan.

Ẹ fi ẹ̀mú di abẹ́rẹ́ mú, kí ọwọ́ yín má wà lójú ooru. Ẹ rì í bọ̀ ọ́ tó sẹ̀ǹtímítà 5, kí ó má kan irin ìkòkò. Ibi tí wáyà ti wọ inú abẹ́rẹ́ kò gbọ́dọ̀ kan omi láéláé. Wáyà náà kò sì gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò lọ síbi iná gáàsì, nítorí ohun tó bo wáyà nínú lè yọ́ láìjẹ́ pé ẹ rí i lóde. Ẹ ka nọ́ńbà nígbà tó bá ti dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30.

Ṣé ọ̀kan nínú méjèèjì kò tó?

Ẹ ṣe méjèèjì. Abẹ́rẹ́ lè pé pérépéré ní 0 kó sì fi 4 yẹ̀ nínú omi híhó. Áìsì ló rọrùn láti gbọ́kàn lé, nítorí 0 ni 0 ní Jos, 0 ni 0 ní Èkó. Omi híhó ló sún mọ́ ibi tí iṣẹ́ yín wà: inú ẹran máa ń wà láàárín 63 àti 96°C nígbà tí a bá ń sọ ọ́ kalẹ̀, inú dúrọ́ọ̀mù sì máa ń wà láàárín 107 àti 135°C. Bí ó bá di dandan kí ẹ ṣe ẹyọ kan, ẹ ṣe omi híhó.

Mo ti rí i pé ó ń yẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Bí àṣìṣe náà bá jọra nínú áìsì àti nínú omi híhó, ó ṣe é tún ṣe. Àwọn ẹ̀rọ kan ní bọ́tìnnì tí wọ́n kọ CAL sí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ nígbà tí abẹ́rẹ́ ṣì wà nínú áìsì, kí ẹ gbé nọ́ńbà lọ sí 0. Tẹmómítà olójú aago sábà máa ń ní nọ́ọ̀tì kékeré lẹ́yìn ojú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀pá rẹ̀ wà nínú áìsì, ẹ fi sípánà kékeré di nọ́ọ̀tì mú, kí ẹ yí ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi nà sí 0. Ẹ yọ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbóná padà, ẹ tún kì í bọ áìsì kí ẹ rí i pé kò yí kúrò.

Bí ẹ̀rọ kò bá ní bọ́tìnnì, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ ìwé mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀: “ń fi 2 lé.” Fún àpẹẹrẹ, bí ó bá kọ 100.4 nínú omi tó ń hó ní Àbújá, 2 ló fi lé. Adìẹ yín yóò wá jinná nígbà tó bá kọ 76, kì í ṣe 74.

Bí ó bá ń fi 1 lé nínú áìsì, tó wá ń fi 5 lé nínú omi híhó, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Ẹ pààrọ̀ abẹ́rẹ́.

Abẹ́rẹ́ méjì ni mo ní, wọn ò fi ẹnu kò. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Kò sí èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ gbà gbọ́ títí áìsì yóò fi dá ẹjọ́ wọn. Ẹ fi rọ́bà so wọ́n pọ̀ kí imú wọn wà ní ọ̀gbọọgba, kí ẹ kì wọ́n bọ ife kan náà. Ẹ kọ ti olúkúlùkù sílẹ̀, kí ẹ sì fi téèpù aláwọ̀ sàmì sí wọn. Ihò tí a ń ki wáyà bọ̀ lára ẹ̀rọ náà lè ní àṣìṣe tirẹ̀, nítorí náà ihò tí ẹ fi yẹ abẹ́rẹ́ kan wò ni kí ó máa lò títí.

Nọ́ńbà ń fò sókè sódò, nígbà míì ó kọ 40 nínú áìsì. Kí ló ṣe é?

Omi ti wọ inú rẹ̀. Ibi tí wáyà ti wọ inú irin ni àìlera abẹ́rẹ́ oníwáyà. Wọ́n kàn tẹ irin mọ́ wáyà níbẹ̀ ni, kò dí pa, omi ìfọbọ́ sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ rántí hóró tó wà nímú rẹ̀: bí iná mànàmáná bá ti ń rọrùn láti kọjá, ẹ̀rọ á gbà pé ooru ń pọ̀ sí i. Omi tó wọlé ń ṣí ọ̀nà mìíràn fún iná láti kọjá, ẹ̀rọ á wá kọ nọ́ńbà tó ga ju òótọ́ lọ. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ó lè máà fò rárá. Ó lè kàn rọra máa fi 6 tàbí 10 lé, tí ẹran tí kò jinná á sì máa jinná lójú rẹ̀.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ gbẹ ẹ́. Ẹ tẹ́ ẹ sínú ofúnù tó wà láàárín 80 àti 100°C fún bíi wákàtí kan, tàbí kí ẹ gbé e sórí àwọ̀n dúrọ́ọ̀mù tí èédú rẹ̀ ti ń kú, níbi tí iná kò sí. Ẹ tún fi áìsì yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀pọ̀ ló máa ń padà bọ̀ sípò. Láti ìgbà náà lọ, ẹ má ri í bọ omi abọ́. Aṣọ tí ẹ ti rì bọ omi gbígbóná àti ọṣẹ ni kí ẹ fi nu irin rẹ̀, kí ẹ tún fi aṣọ omi lásán nu ọṣẹ kúrò.

Bí ojú ẹ̀rọ bá kọ HHH, LLL tàbí ìlà lásán, ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà nínú ihò, ẹ nu ẹnu rẹ̀, kí ẹ tì í wọlé dáadáa. Bí kò bá yí padà, wáyà ti já nínú, kò sí àtúnṣe.

Ṣé bátìrì tó ń kú lè mú kó máa purọ́?

Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí nọ́ńbà bá ti ń ṣú lójú ẹ̀rọ, ẹ pààrọ̀ bátìrì kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ gbé ẹ̀rọ sí ibòji pẹ̀lú: oòrùn ọ̀sán lè mú kí ojú rẹ̀ dúdú kanlẹ̀ títí ẹ kò fi ní rí nǹkan kà.

Wẹ́dà tó bá mi ṣe dúrọ́ọ̀mù fi aago ìgbóná sí ọmọrí rẹ̀. Kí ni mo tún ń fi abẹ́rẹ́ ṣe?

Aago yẹn ń wọn ooru tó wà lábẹ́ ọmọrí. Orí àwọ̀n irin ni ẹran wà, ìyàtọ̀ àárín wọn sì lè tó dìgírì 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lu ẹ̀gbẹ́ kan dúrọ́ọ̀mù. Ẹ fi abẹ́rẹ́ kejì sórí àwọ̀n irin, sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 sí ẹran, kí ó má kan ẹran, kí ó má sì wà lókè èédú tààrà. Irin rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan irin àwọ̀n. Ẹ gún un gba inú ìdajì ànàmọ́ kí imú rẹ̀ yọ sí òdìkejì, ó ti dúró nìyẹn. Bí ẹ bá ti mọ iye tí aago ọmọrí fi yàtọ̀ sí i, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára dúrọ́ọ̀mù.

Ibo ni kí n gún, iye wo ni mo sì ń wá?

Ibi tó nípọn jù lọ, kí imú abẹ́rẹ́ jìnnà sí eegun àti sí ọ̀rá. Lára adìẹ àti tòlótòló, ẹ gún ibi tó jìn jù nínú igẹ̀, kí ẹ tún gún inú itan níbi tó ti so mọ́ ara: 74°C ní ibi méjèèjì. Itan ewúrẹ́, ti àgbò àti ti màlúù tí a kò lọ̀: 63°C, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ẹ tó gé e. Ẹran lílọ̀: 71. Ẹja àrọ̀: 63, ẹ̀yìn orí ni kí ẹ gún.

Ìwọ̀nyí ni iye tí ẹran kò fi ní léwu mọ́. Kí ẹran rọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn: igẹ̀ màlúù àti ẹran oníṣan máa ń fẹ́ láti 90 sí 96°C kí iṣan inú wọn tó yọ́. Láàárín 65 àti 77, nọ́ńbà lè dúró lójú kan fún ọ̀pọ̀ wákàtí nítorí omi tó ń gbẹ kúrò lójú ẹran ń tù ú. Abẹ́rẹ́ kò bàjẹ́ bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀; ẹ má yọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Jos, omi inú ẹran yín náà ń hó ní 96. Ẹ má lépa 96 lórí igẹ̀ màlúù, ẹ óò gbẹ ẹ́ dànù ni. Láti 91 ni kí ẹ ti máa fi abẹ́rẹ́ dán an wò. Bí ó bá ń wọlé láìsí ìdènà, ẹ gbé e kalẹ̀. Ti 74 adìẹ kò yí padà níbikíbi.

Kilishi àti suya ń kọ́?

Wọ́n fẹ́lẹ́ jù fún abẹ́rẹ́. Ooru ibi tí ẹ ti ń gbẹ wọ́n tàbí tí ẹ ti ń yan wọ́n ni kí ẹ máa wọ̀n.

Tẹmómítà mi pé, ṣùgbọ́n ẹran ṣì ń ní òórùn kó tó jinná. Kí ló fà á?

Kòkòrò àrùn ń pọ̀ kíákíá láàárín 4 àti 60°C. Ẹran kò gbọ́dọ̀ wà lóde láàárín ìwọ̀n yìí ju wákàtí 2 lọ kó tó dórí iná. Bí ooru ojú ọjọ́ bá ju 32°C, wákàtí 1 péré ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lókè Ọya, ẹ ka gbogbo ọ̀sán mọ́ wákàtí 1. Ẹran tí ẹ rà láàárọ̀, kúlà oníyìnyín ló yẹ kó bọ́ sí.

Ẹ yẹ abẹ́rẹ́ tó wà lórí àwọ̀n irin wò pẹ̀lú. Bí ó bá ń fi 20 lé, dúrọ́ọ̀mù tí ẹ rò pé ó wà ní 110 kò kọjá 90, itan màlúù ńlá á sì pẹ́ jù kí inú rẹ̀ tó kọjá 60.

Ṣé tẹmómítà tó pé lè jẹ́ kí n yan ẹran tí mo fura sí?

Rárá o. Ní oṣù Keje 2023, wọ́n rí àrùn anthrax lára ẹran ọ̀sìn ní Suleja, ẹ̀bá Àbújá níbí. Kòkòrò àrùn yẹn ń sọ ara rẹ̀ di hóró líle tí ooru ìdáná kì í pa. Ẹran tó kú fúnra rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní imú tàbí ẹnu rẹ̀, ẹ má rà á, ẹ má gé e, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ pe dókítà ẹran.

Iléyá ń bọ̀. Ẹ̀rọ kan ni mo ní, àgbò pọ̀. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é?

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní alẹ́ tó ṣáájú, kí àyè lè wà láti wá abẹ́rẹ́ mìíràn bí ó bá kùnà. Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ nu irin rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ àti omi gbígbóná nígbàkigbà tí ẹ bá yọ ọ́ nínú ẹran tí kò tíì jinná, kí ẹ tó gún èyí tó ti jinná. Ẹran tó tóbi jù lọ ni kí abẹ́rẹ́ oníwáyà wà nínú rẹ̀. Tẹmómítà kékeré tí à ń gún yọ ló máa yẹ àwọn yòókù wò.

Ẹ̀ẹ̀mélòó ló yẹ kí n máa yẹ̀ ẹ́ wò?

Ẹni tó ń tà: lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó ń yan án nílé: kí iṣẹ́ ńlá tó bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú méjèèjì: lẹ́yìn tó bá já bọ́, lẹ́yìn tí omi bá kàn án, lẹ́yìn tí ẹ bá pààrọ̀ bátìrì, àti nígbà tí ojú ẹran bá ń sọ ohun tó yàtọ̀ sí ohun tí nọ́ńbà ń sọ.

Bí mo bá fẹ́ ra òmíràn, kí ni kí n wò lọ́jà?

Ẹ wá èyí tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣe é yọ kúrò lára ẹ̀rọ, tí wọ́n sì ń ta abẹ́rẹ́ náà lọ́tọ̀, nítorí abẹ́rẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ kú. Ẹ rí i pé ó ń yí láti °F sí °C, kí ó sì lè ka ju 200°C lọ bí ẹ bá fẹ́ fi sórí àwọ̀n irin. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n fi bátìrì sí i. Ẹ ra píọ̀wọ́tà dídì kan lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri lẹ́nu ọ̀nà ọjà, ẹ fọ́ ọ sínú ife, ẹ bu omi sí i, kí ẹ kì í bọ̀ ọ́ níṣojú ọlọ́jà. Bí ó bá dúró sí ju 2°C lọ lẹ́yìn tí ẹ ti rò ó dáadáa, ẹ gbé e padà fún un, kí ẹ dán òmíràn wò nínú ife kan náà.